Mo Ní Kí Wọ́n Má Dá Ìyá Mi Lóhùn

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ó bá mi kẹ́dùn tàbí ẹ ó ṣépè fún mi. Èmi fúnra mi ò tíì mọ èyí tó tọ́ sí mi nínú méjèèjì.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó bá ti òde dé ni yóò kí ará ilé pé ẹ kú ilé, ará ilé á ní ẹ káàbọ̀. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, mo máa ń ní kó dìde dúró títí aago á fi lù. Èmi náà ni mo wá ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Doyinsọ́lá lorúkọ mi. Ìsẹ̀-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé mi ga lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní kí n lọ ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìkéré. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú ọ́fíìsì.

Lásìkò yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi, Àlàbí, pè mí láti Ọ̀rùn-Èkìtì, níbi tó ti ń dáko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ó ní, "Dóyìn, Màmá ò lè máa dá gbé mọ́. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Bí o bá ti ń kó lọ sí Ìkéré, kí wọ́n kúkú máa bá ọ lọ."

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Dóyìn, èmi ò bèèrè ulé ńlá lọ́wọ́ rẹ o. Ulé tí mo bá ti lè fẹsẹ̀ mi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo kí èèyàn lójú ọ̀nà tí wọ́n dá mi lóhùn, ó ti tó mi."

Ulé ni Màmá ń pe ilé. Bí àwa ṣe ń pè é nìyẹn, kí n tó lọ kọ́ Yorùbá ilé ìwé.

Màmá ti wá ibi tó fẹ́ gbé pàápàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ dàgbà ní Ọ̀rùn kó tó relé ọkọ ní Ìkéré. Ìyá Dúrósinmí ni wọ́n ń pè é, Odò Ọjà ló ń gbé. Ó ní yàrá kan àti pálọ̀ ṣófo nínú ilé òun.

Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan. Níbi tí ọ̀kadà já mi sí, mo kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ń dáhùn. "Ẹ káàbọ̀ o! Ta lẹ ń wá?" Bàbá kan tó ń ran bàtà gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á mú mi débẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sílé yẹn. Mo kà á. Ọjà wà nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn wà lẹ́yìn ọjà.

Àwọn àgbà obìnrin mẹ́rin jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá Dúrósinmí dìde láàárín wọn, ó dì mọ́ mi.

"Mo ti gbá yàrá yẹn, mo ti fín oògùn ẹ̀fọn sí i," ó ní. "Sọ fún Àjíkẹ́ pé mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lórí pèpéle yìí. Kó máa bọ̀ kíá, ẹ̀gúsí ti pọ̀ jù fún wa!" Àjíkẹ́ ni oríkì Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá kù? Ẹ gbọ́ ohun tó kù. Balùwẹ̀ wà nínú àgbàlá, gbogbo ilé ló ń lò ó. N kò sì tíì mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn fi bi mí pé, "Ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọ mi?"

Ọkọ mi wà ní Àbújá. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò ti wálé. Ó ní obìnrin kan níbẹ̀, ó ti bímọ fún un. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan lẹ́yìn Àlàbí. Mo ní, "Ó wà níbi iṣẹ́, mà." Mo rò ó pé bí mo bá kó wá síbí, kí oṣù tó pé, gbogbo Odò Ọjà á ti mọ àṣírí mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún Bọ́ládé, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò nílé ìwé tuntun náà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Igbákejì ọ̀gá! Odò Ọjà? Ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbé garawa lọ sí balùwẹ̀ níṣojú àwọn òbí ọmọ ilé ìwé? Ẹ wọ mọ́tò jàre."

Ó gbé mi lọ síbi tí òun náà ń gbé, lójú ọ̀nà Adó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun. Géètì ńlá wà lẹ́nu àbáwọlé, ilé kọ̀ọ̀kan ló tún ní fẹ́ǹsì àti géètì tirẹ̀. Táìlì ń dán nílẹ̀, balùwẹ̀ méjì, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ. Láti fèrèsé pálọ̀, mo ń rí òkè Olóṣùnta lọ́ọ̀ọ́kán.

Bọ́ládé ní, "Ẹ wò ó, níbí, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan."

Kì í ṣe táìlì ló gbà mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni.

Mo pe Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, wọ́n ti gbé yàrá Odò Ọjà fún ẹlòmíràn." "Ẹn-ẹ́n? Ó dáa. Ìyá Dúrósinmí ì bá sọ fún mi." Mo pe Ìyá Dúrósinmí náà. Mo ní Màmá ò fẹ́ kúrò l'Ọ̀rùn mọ́. Ó ní, "Sọ fún un pé n ò ní gbé e fún ẹnì kankan. Bó bá yí ọkàn padà, kó máa bọ̀."

Fóònù Àlàbí ni Màmá fi ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, fóònù tèmi ló kù. Ìgbà tó ní ká lọ kí i, mo ní ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn. Ìgbà tó tún bèèrè, mo ní kò tíì dé. Irọ́ ń bímọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì ń bí ìbejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Màmá dé, ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó ní òun ń lọ kí àwọn ará àdúgbò. Géètì mẹ́sàn-án ló wà lójú ọ̀nà wa. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìkan dé èkejì.

"Ẹ kú ulé o!"

Ajá gbó. Ó kọjá sí èkejì.

"Ẹ kú ulé o!"

Matthew nìkan ló dá a lóhùn, ọmọ Bẹ́núè tó ń ṣọ́ géètì ńlá. Kò gbọ́ Yorùbá. Màmá ló kọ́ ọ: "Bí mo bá ní ẹ kú ulé, ìwọ á ní ẹ káàbọ̀." Láti ọjọ́ yẹn, bí Matthew bá ti rí i lókèèrè báyìí, á ti pariwo, "Ẹ káàbọ̀, Mama!" kódà nígbà tí Màmá ń jáde lọ. Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó. "Dóyìn, ṣé àwọn èèyàn ibí ò sí ní ulé ni?"

"Wọ́n wà, Màmá. Wọ́n ń sinmi ni."

"Láti àárọ̀?"

Kò jáwọ́. Ó gbin gbọ̀rọ̀ sẹ́bàá fẹ́ǹsì wa, nígbà tó hu dáadáa, ó ń já a, ó ń dì í ní ìdì-ìdì, ó ń fi há géètì àwọn ará àdúgbò. Á kan géètì, á ní "Ẹ kú ulé o," á dúró, á tún kọjá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa kọ ọ̀rọ̀ sórí Wásáàpù àdúgbò. Mọ́mì Favour la máa ń pè é. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ìyá àgbà tó ń kan géètì kiri láràárọ̀? Ó ń já àwọn ọmọ wa láyà o."

Ojú tì mí. Àwọn tó wà lórí Wásáàpù yẹn, dókítà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, Bọ́ládé wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé, "Ìyá mi ni, wọ́n kàn ń kí yín ni, ẹ dákun, ẹ máa dá wọn lóhùn." Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Màmá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ó ń di ìdì ewé gbọ̀rọ̀ tọ̀la.

Ohun tí mo wá fi ránṣẹ́ nìyí. Mo mọ̀ ọ́n sórí, n ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé: "Ẹ má bínú. Ìyá mi ni. Ọjọ́ orí ti ń da orí wọn rú díẹ̀. Bí wọ́n bá ń kí yín, ẹ má dá wọn lóhùn. Ó máa sú wọn, wọ́n á padà sílé."

Èèyàn mọ́kànlá ló gbé àtàǹpàkò sókè fún mi. Bọ́ládé ní, "Pẹ̀lẹ́, ó mà ṣe o."

Orí Màmá pé ju tèmi lọ. Ó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè iṣu l'Ọ̀rùn láti ayé bàbá wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Àdúgbò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àwọn tó ti ń dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ jáwọ́ pátápátá. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọbẹ̀ tó bá ti fẹ́ràn, á tọ́ ọ wò, á gbé e sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Dóyìn, ẹsẹ̀ mi ń kú o."

"Ṣé ó ń dùn yín ni? Ká lọ rí dókítà."

"Kò dùn mí. Ẹsẹ̀ tí kò ríbi lọ, kò sẹ́ni tó ń dúró dè é níbì kan, kí ló tún fẹ́ ṣe?"

Mo ra oògùn ìpara fún un. Ọkàn mi ò mà dá mi lẹ́bi nígbà yẹn o!

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ló ṣẹlẹ̀. A ń ṣe ìdánwò, mo ti pa ohùn fóònù mi. Bọ́ládé ló sáré wọ ọ́fíìsì mi, ó ní Matthew pe òun, pé Màmá ti ṣubú. Matthew ti pè mí nígbà mẹ́jọ.

Ó ti lọ pe ẹni tó máa tún géètì ńlá ṣe láàárọ̀ yẹn. Nígbà tó máa padà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀, ó bá Màmá nílẹ̀ tó fẹ̀yìn ti géètì Mọ́mì Favour nínú oòrùn. Gèlè rẹ̀ ti bọ́. Ìdì gbọ̀rọ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rọ. Ó ti tó wákàtí méjì tó ti wà níbẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé wọn wá?" Mo kàn di ọwọ́ ọ̀tún Màmá mú.

Àlàbí dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kò dá wá. Kò mọ ẹlòmíràn ní Ìkéré ju Ìyá Dúrósinmí lọ, òun ló pè kó júwe ọ̀nà ọsibítù fún òun. Nígbà tí mo rí ìyá yẹn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, mo dìde, mo fẹ̀yìn ti ògiri.

"Àjíkẹ́!" Ó di orí bẹ́ẹ̀dì mú. "Ìwọ Àjíkẹ́! O wà ní ùlú yìí láti ọjọ́ yìí? Wọ́n ní o ò wá mọ́!"

Màmá la ojú. Ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ní… o ti gbé yàrá… fún ẹlòmíì."

"Fún ta ni? Yàrá wo?" Ó wá etí ìró rẹ̀, ó tú kókó tó wà níbẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ. "Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rèé! Òní ni mo tún gbá a!"

Àlàbí yíjú sí mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù márùn-ún.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Mọ́mì Favour fi wọlé, ó gbé fúláàsì ògì dání, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀. Àlàbí bi í léèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni géètì yẹn? Ṣé ẹ wà nílé láàárọ̀?"

"Mo wà nílé, sà."

"Ẹ ò gbọ́ ohùn wọn?"

"Mo gbọ́." Ó ń sunkún. "Wọ́n ní ẹ kú ulé o. Wọ́n sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́fà, méje. Ohùn wọn ń lọ sílẹ̀. Mo rò pé…"

"Ẹ rò pé kí ni? Àgbàlagbà ń kí yín lẹ́nu ọ̀nà nígbà méje, ẹ ò lè dáhùn? Irú èèyàn wo lẹ jẹ́?"

Ó wò mí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run rí mi, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ.

"Sà, ẹ má bú mi. Àwọn yìí ló ní ká má dá wọn lóhùn." Ó wá ọ̀rọ̀ náà jáde nínú fóònù, ó nà án sí Àlàbí.

Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ìwé mẹ́fà ló kà. Kì í kàwé sínú, sókè ló máa ń kà á, bí ìgbà tí wọ́n bá ní kó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ka tèmi nìyẹn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, níṣojú nọ́ọ̀sì, níṣojú Ìyá Dúrósinmí. "Ọjọ́… orí… ti ń da orí wọn… rú díẹ̀. Bí wọ́n bá ń kí yín… ẹ má… dá wọn… lóhùn."

Màmá ti di ojú. A rò pé ó ti sùn.

"Dóyìn."

"Mà?"

"Orí mi ò dàrú o. Mo ń kí wọn ni."

Mo wó lulẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé mi dìde. Àlàbí ti ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Màmá, kí ló wá dé tí ẹ ò pariwo? Ẹ ò ṣe ní ẹ gbà mí?"

Màmá ní, "Ulé ẹni ẹlẹ́ni ni. Èèyàn á kọ́kọ́ kí onílé ná. Bí wọ́n bá ní ẹ káàbọ̀, a wá sọ ohun tó ń ṣe wá." Ó mí. "Mo ń dúró kí wọ́n dáhùn."

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ku èmi àti òun, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: yàrá, Ìbàdàn tí mo parọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ mi, ìtìjú mi. Mo ní kó forí jì mí. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kàn mí lórí. Ó ní, "Mo ti forí jì ọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Ìdáríjì yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn títí dòní. Bó bá ṣépè fún mi ni, ǹ bá mọ ibi tí mo wà.

Ọ̀rùn la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Àwọn ará Odò Ọjà tí wọn ò tíì rí i rí kún bọ́ọ̀sì méjì wá, nítorí pé ọ̀rẹ́ Ìyá Dúrósinmí ni. Láti àdúgbò wa, Matthew àti Mọ́mì Favour ló wá. Matthew dúró létí sàréè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mama." Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn.

Àlàbí ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju ǹlẹ́ lọ. N kò bínú sí i.

Mo ti kúrò nílé táìlì. Mo lọ bá Ìyá Dúrósinmí, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi bó ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó wá tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. "Àjíkẹ́ ni mo tọ́jú rẹ̀ dè. N ò fún ọ nítorí tìẹ o."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ìyá tó bi mí lọ́jọ́sí tún bi mí pé, "Ọkọ rẹ ńkọ́?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n pòṣé, wọ́n gégùn-ún fún un díẹ̀, ọ̀kan ní kí n bá òun gbé ìgbálẹ̀. Ó parí. Ohun tí mo torí ẹ̀ sé ìyá mi mọ́lé, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé ní ìlú tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì wo táìlì. Ẹ fẹsẹ̀ rin àdúgbò náà nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ẹ wò ó bóyá àgbàlagbà lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, dé ibi tí wọ́n ti ń ta ata, kó sì rìn padà. Kí ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kan, kí ẹ ní ẹ kú ilé o. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, ẹ má gbé ìyá yín wá síbẹ̀.

Sáà yìí, mo gbé ẹ̀kọ́ ìkíni fún olùkọ́ mìíràn. N kò lè kọ́ ọ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ bí mo bá ti ilé ìwé dé, àwọn ìyá orí pèpéle á ti máa pariwo, "Ẹ káàbọ̀ o!" kí n tó la ẹnu. Àyè kan wà ní ìkángun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Dúrósinmí. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń yíjú sí kí n tó wọ yàrá.

"Ẹ kú ulé o, Màmá."

Mo máa ń dúró díẹ̀.